Bí a ṣe ń yan bainọ́kúlà àkọ́kọ́ fún ọmọdé

Ọ̀pọ̀ òbí tó bá fẹ́ ra bainọ́kúlà fún ọmọ máa ń kọ́kọ́ béèrè bí ó ṣe ń mú nǹkan súnmọ́ni tó, wọ́n á sì mú èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Ojú ọmọ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ọmọ ọdún 7 kò lè lo irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún bàbá rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń lò ó, nítorí pé ojú rẹ̀ méjèèjì súnmọ́ ara wọn ju ti àgbàlagbà lọ, ìka rẹ̀ kúrú, apá rẹ̀ kò sì lè gbé ohun tó wúwo sókè pẹ́ títí. Èyí tí kò bá ojú rẹ̀ mu yóò fi òkùnkùn hàn án níbi tí àwa ti ń rí ẹyẹ. Bí ó bá gbìyànjú díẹ̀ tí kò rí nǹkan kan, yóò gbé e sílẹ̀, àwa yóò sì máa rò pé ọmọ náà kò nífẹ̀ẹ́ sí wíwo ẹyẹ. Ẹyẹ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, torí pé òun ni ọmọdé ń rí lójoojúmọ́ láìkúrò ní àdúgbò: lékèélékèé lẹ́yìn màlúù, àwòdì lókè ọjà, ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ. Ìlànà kan náà ni fún ẹni tó fẹ́ wo òṣùpá tàbí ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà.

Ẹ wọn ojú ọmọ náà kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ jẹ́ kí ó dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ó tẹjú mọ́ ohun kan tó jìnnà, kí ẹ sì gbé rúlà sí iwájú orí rẹ̀, lókè ojú gẹ́lẹ́. Àyè tó wà láti àárín ọmọlójú kan dé àárín ìkejì ni ẹ ń wá. Nínú ojú tó dúdú dáadáa bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa, ó máa ń ṣòro láti ya ọmọlójú sọ́tọ̀ kúrò lára dúdú tó yí i ká, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n láti etí òsì dúdú ojú òsì dé etí òsì dúdú ojú ọ̀tún. Iye kan náà ni yóò fún yín. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, torí ọmọdé kì í dúró jẹ́ẹ́. Ti àgbàlagbà sábà máa ń wà ní nǹkan bíi mìlímítà 60 sí 70, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 6 tàbí 7 máa ń wà ní nǹkan bíi 50 sí 55.

Bainọ́kúlà ní ìsopọ̀ kan láàárín tí a lè tẹ̀ kí ihò méjèèjì tí a ń gbójú lé lè súnmọ́ ara wọn tàbí kí wọ́n jìnnà síra. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà kì í súnmọ́ra ju mìlímítà 56 tàbí 58 lọ, bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ débi tó bá lè dé, kí ẹ sì fi rúlà wọ̀n ọ́n láti àárín ihò kan dé àárín ìkejì. Bí iye náà bá ju ti ọmọ yín lọ, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, kódà bí ó bá dára gan-an tí owó rẹ̀ sì rọjú, nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni ọmọ náà yóò máa fi wò ó. Àwọn kan wà tó ní ìsopọ̀ méjì, tí a lè ká wọ inú àpò. Àwọn yìí máa ń súnmọ́ra dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ wọn méjèèjì máa ń yẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, tí yóò sì máa tún wọn tò nígbà gbogbo tó bá fẹ́ wo nǹkan.

Ó dára kí ọmọ náà bá yín lọ sí ìsọ̀. Nígbà tó bá gbé e sójú, ẹ má bi í pé ṣé ó ríran. Yóò sọ pé òun rí i, bóyá nítorí pé kò fẹ́ já yín kulẹ̀, bóyá nítorí pé kò tíì mọ ohun tó yẹ kí òun máa rí. Ẹ ní kí ó ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà lókèèrè fún yín, tàbí kí ó sọ iye fèrèsé tó wà lára ilé alájà kan. Bí ẹ bá rí i pé ó ń di ojú kan, tàbí tó ń gbé e súnmọ́ tó sì tún ń gbé e jìnnà sí ojú léraléra, ẹ mọ̀ pé kò bá a mu.

Ìgbà yìí ni kí ẹ wá wo nọ́ńbà. Bí wọ́n bá kọ 6x30 sára rẹ̀, 6 ni ìlọ́po tí ó fi ń mú nǹkan súnmọ́ wa, 30 sì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Ẹyẹ tó wà ní mítà 60 yóò hàn bí ẹni pé mítà 10 péré ló wà. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 tàbí 10, ìlọ́po 6 ni mo máa ń yàn. 7 náà dára, 8 sì tó fún èyí tó ti dàgbà díẹ̀. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra ìlọ́po 10 fún ọmọdé, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń sunkún pé òun ni òun fẹ́, torí pé ohun tó ń mú kí ẹyẹ tóbi lójú náà ló ń mú kí gbígbọ̀n ọwọ́ pọ̀ sí i. Ọwọ́ àgbà gan-an máa ń gbọ̀n lórí ìlọ́po 10, áńbọ̀sìbọ́sí ti ọmọdé.

Ìdí kejì ni fífẹ̀ ibi tí ojú lè rí lẹ́ẹ̀kan náà. Bainọ́kúlà 6x30 tó dára lè fi ibi tó fẹ̀ tó mítà 140 hàn ní ọ̀nà tó jìn tó mítà 1,000, nígbà tí ọ̀pọ̀ 10x25 kékeré kì í fi ju nǹkan bíi mítà 95 hàn. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lò lè fara da àyè tóóró. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ yóò máa wá ẹ̀ka kiri nínú ewé títí ẹyẹ á fi fò lọ. Bí ó bá jẹ́ pé orí ọ̀pẹ tí ẹ̀gà kọ́ ìtẹ́ sí ló ń wò, pẹ̀lú àyè tó fẹ̀ yóò rí ìtẹ́ bíi mélòó kan pa pọ̀ àti ẹyẹ tó ń wọlé tó ń jáde nínú wọn, kò sì ní máa ṣìnà láti orí imọ̀ kan dé òmíràn.

Ìṣirò kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òǹtajà kì í sọ. Ẹ fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ pín ìkejì: 30 pín sí ọ̀nà 6 jẹ́ 5, 32 pín sí ọ̀nà 8 jẹ́ 4, 25 pín sí ọ̀nà 10 jẹ́ 2.5. Iye yìí ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sí ojú, ní mìlímítà. Lọ́sàn-án gangan, níbi tí oòrùn ti mú, 2.5 lè tó, nítorí pé ọmọlójú wa náà a máa sún kì nínú ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í pọ̀ lọ́sàn-án gangan. Òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde, lábẹ́ igi ńlá sì rèé, ìmọ́lẹ̀ kì í pọ̀ kódà bí oòrùn bá ń ràn. Nínú igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹbí ẹ̀gà kan wà tó dúdú, tó ní pupa lórí àti láyà, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ní Malimbus ibadanensis ní ọdún 1958, tí kò sì sí níbòmíràn láyé bí kò ṣe gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Òkè igi ló máa ń wà. Ọmọ tó bá gbé 10x25 lọ wò ó yóò rí ẹyẹ dúdú kan lásán. Àǹfààní mìíràn tó wà nínú 4 tàbí 5 ni pé ọmọ kò ní láti gbé ojú síbi kan pàtó kí ó tó ríran. Bí orí rẹ̀ bá yí díẹ̀, àwòrán náà kò ní sọnù.

Ní ti ìwúwo, ẹ lè dán an wò nílé. Omi inú ọ̀rá kan, tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà, wúwo tó nǹkan bíi ìdajì kílò. Ẹ ní kí ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sí iwájú ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo bainọ́kúlà, kí ẹ sì kà á dé 60. Bí apá rẹ̀ bá ti ń gbọ̀n kí ẹ tó dé ibẹ̀, gíráàmù 500 ti pọ̀ jù fún un, kí ẹ wá èyí tó wà ní nǹkan bíi 300. Àwọn 8x42 tí àgbà ń lò sábà máa ń wọn gíráàmù 600 sí 800, èyí ló sì fà á tí bainọ́kúlà àgbà tí a fún ọmọ fi máa ń parí sí orí àga.

Ní ọ̀pọ̀ ọjà wa, ẹ ó rí àwọn bainọ́kúlà kékeré tí wọ́n kọ 30x60, 50x50 tàbí 60x60 sí lára, tí òǹtajà á sì sọ pé wọ́n ń wo ìlú kejì. Irọ́ ni nọ́ńbà wọ̀nyí. Ká ní òótọ́ ni 60x60, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde kò ní ju mìlímítà 1 lọ, kò sì sí ọwọ́ ẹ̀dá tó lè dì í mú kí ó dúró sójú kan. Ẹ kọ́kọ́ fi rúlà wọn gíláàsì iwájú rẹ̀. Ẹ ó rí i pé èyí tí wọ́n pè ní 60 kì í ju nǹkan bíi 20 sí 25 lọ lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ na ọwọ́ jáde, kí gíláàsì iwájú kọjú sí ògiri funfun tàbí sí ojú ọ̀run níbi tí oòrùn kò sí, kí ẹ sì wo ihò tí a ń gbójú lé láti ọ̀nà jíjìn yẹn. Ẹ ó rí àyíká ìmọ́lẹ̀ kékeré kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi pín fífẹ̀ gíláàsì iwájú: bí gíláàsì bá jẹ́ 24 tí àyíká náà sì jẹ́ 3, ìlọ́po 8 ni bainọ́kúlà yẹn, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sára rẹ̀. Àyíká náà gbọ́dọ̀ rí róbótó. Bí etí rẹ̀ bá ṣókùnkùn tó sì ya igun mẹ́rin, gíláàsì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ṣe prísìmù, ìyẹn gíláàsì inú rẹ̀ tó ń darí ìmọ́lẹ̀. Ní ti èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó ń ríran lóru, ẹ wò ó bóyá ó ń lo bátìrì. Bí kò bá lo bátìrì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ẹ tún wo àwọ̀ gíláàsì iwájú. Èyí tí wọ́n kùn dáadáa, kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta padà lára rẹ̀, máa ń tàn ní àwọ̀ ewé tàbí elésè àlùkò díẹ̀, tí ó ṣókùnkùn nínú. Èyí tó bá ń kọ yànrànyànràn bíi gíláàsì fèrèsé, wọn kò kùn ún rárá. Èyí tó pupa yòò bí ẹyin iná ni ọmọdé fẹ́ràn jù, òun ni ẹ sì gbọ́dọ̀ sá fún jù, nítorí pé ó ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà kí ó tó dé ojú. Àwọn àgbà ní agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun. Nínú awò pupa wọ̀nyí, ẹfun lékèélékèé á di àwọ̀ ewé, àlùkò á sì pàdánù osùn rẹ̀. Báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ fi irú awò bẹ́ẹ̀ kọ́ orúkọ ẹyẹ?

Mo fẹ́ràn tòkunbọ̀ ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, bí ẹ bá ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mì í létí kí ẹ gbọ́ bóyá nǹkan ń já kélekèle nínú rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti iwájú kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí okùn wẹ́wẹ́ funfun tó tàn káàkiri lórí gíláàsì, ó ti bu nìyẹn, owó àtúnṣe rẹ̀ á sì ju owó tí ẹ rà á lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e ka orí ògiri, kí ẹ sì wo ìlà tó tọ́ lókèèrè, bí etí òrùlé tàbí òpó ńlá àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù. Ẹ máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kúrò lójú. Bí ìlà kan bá di méjì tí ọ̀kan wà lókè èkejì, ó ti já bọ́ rí, ojú rẹ̀ méjèèjì kò sì kọjú síbì kan náà mọ́. Ojú àgbà lè tiraka kí ó pa méjèèjì pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí orí fífọ́ tó dé. Ọmọdé kò ní mọ ohun tó ń fọ́ òun lórí.

Kẹ̀kẹ́ kékeré àárín, tí a ń yí kí àwòrán lè mọ́ kedere, gbọ́dọ̀ wà níbi tí ìka ọmọ lè dé láìtú ọwọ́ ká, kí ó sì máa yí láìle jù. Ẹ má ra èyí tí kò ní kẹ̀kẹ́ rárá, tí wọ́n ń polówó pé kò nílò yíyí, nítorí pé kì í mọ́ fún ohun tó bá súnmọ́. Ẹ má sì ra èyí tí ìlọ́po rẹ̀ ṣeé yí láti 8 dé 24. Ẹ béèrè bí ohun kan ṣe lè súnmọ́ tó kí àwòrán rẹ̀ ṣì mọ́: mítà 2 tàbí 3 dára, torí ọmọdé yóò wo alángbá orí ògiri àti labalábá ju ẹyẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Pentax Papilio 6.5x21 lè wo ohun tó wà ní ìdajì mítà, ó sì fúyẹ́, bí ọmọ yín bá jẹ́ ẹni tó ń tọ kòkòrò lẹ́yìn. Kí ẹ ṣáà rí i pé ó súnmọ́ra tó ojú rẹ̀. Láàárín àwọn tó ń wo ẹyẹ, wọ́n máa ń dárúkọ Kowa YF 6x30 àti Leupold Yosemite 6x30 fún ọmọdé, nítorí pé wọ́n máa ń súnmọ́ra dé ojú tó kéré. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí wọn nítòsí. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, iye tí ẹ fi rúlà wọ̀n ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kí ó fi bá ìwé ìjúwe ọjà náà wé, dípò kí ẹ kàn ní kí ó ra èyí tó bá dára wá.

Ọmọ tó ń lo awò ojú kò gbọ́dọ̀ bọ́ awò náà kí ó tó lo bainọ́kúlà. Rọ́bà tó yí ihò tí a ń gbójú lé ká gbọ́dọ̀ ṣeé tẹ̀ wálẹ̀, kí ìwé ìjúwe rẹ̀ sì sọ pé ojú lè jìnnà sí gíláàsì tó nǹkan bíi mìlímítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀, èyí tí omi kò lè wọ̀ ló dára, bí owó bá gbà. Ọ̀rinrin ló ń mú kí gíláàsì bu, ọyẹ́ ní tirẹ̀ sì ń da eruku lé e. Inú páálí tó ní ìdérí ni kí ó máa sùn, pẹ̀lú àpò kékeré oníwóro tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tó ń fa omi afẹ́fẹ́. Ẹ kọ́ ọmọ pé kí ó máa fẹ́ eruku kúrò kí ó tó nù ún, nítorí pé ẹni tó bá fi etí aṣọ nu eruku ọyẹ́ ń fi iyanrìn ha gíláàsì ni.

Òfin kan wà tí kò ní àyàfi: a kì í fi bainọ́kúlà wo oòrùn, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ì báà jẹ́ nígbà tí òṣùpá bò ó lójú díẹ̀. Ó lè jó ẹ̀yìn ojú láìdunni lójú ẹsẹ̀, ó sì lè má san mọ́. Fún ọmọ tó kéré jù láti rántí òfin yìí, ẹ má jẹ́ kí ó dá lò ó. Okùn ọrùn gbọ́dọ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí bainọ́kúlà yóò fi dúró láyà, kí ó má máa gbá nǹkan, kí ọmọ sì bọ́ ọ kúrò lọ́rùn kí ó tó gun igi. Ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ bárékè tàbí pápákọ̀ òfurufú, kí ẹ sì sọ fún un pé fèrèsé aládùúgbò kì í ṣe ohun tí à ń wò.

Nígbà tí ẹ bá rà á délé, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tò ó fún un. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí àyíká méjèèjì yóò fi di ẹyọ kan lójú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo gíláàsì iwájú ọ̀tún, nítorí ọmọ púpọ̀ kò lè di ojú kan láìdi èkejì, kí ó yí kẹ̀kẹ́ àárín títí ojú òsì yóò fi ríran kedere. Lẹ́yìn náà ẹ bo ti òsì, kí ó yí òrùka tó wà lára ihò ọ̀tún títí tòun náà yóò fi mọ́, kí ẹ sì lẹ sẹlotéèpù kékeré mọ́ òrùka yẹn kí ó má yẹ̀ mọ́. Ẹ kọ́ ọ pé kí ó kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ẹyẹ, kí ó gbé bainọ́kúlà wá bá ojú láìgbé ojú kúrò lára ẹyẹ náà. Ohun tí kò lè sáré, bí ìtẹ́ tàbí orí òpó, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdọọdún, ẹ tún wọn ojú rẹ̀. Nígbà tó bá ti kọjá mìlímítà 58, ó lè lo 8x32 ti àgbà, kí 6x30 bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ sẹlotéèpù yẹn tí ẹ sì tún òrùka náà tò fún ojú tuntun.